Ohun Tó Gbé Ọ̀já Dúdú Wá Sójú Tẹlifíṣọ̀n

Bí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n bá tún gbé àwàdà Baba Sálà tàbí eré àtijọ́ mìíràn jáde nígbà ọdún, ẹ wo àwọn òṣèré náà dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, gbogbo wọn ló sanra. Ọrùn wọn kúrú, èjìká wọn fẹ̀, ẹni tó jẹ́ òpéléńgé lọ́jọ́ tí wọ́n ya eré ọ̀hún ti di ọ̀rọ̀bọ̀. Oúnjẹ kọ́ ló fà á. Onílé ló rí ọ̀já dúdú méjì lápá ọ̀tún àti lápá òsì àwòrán, ó ní òun kò fowó ra tẹlifíṣọ̀n ńlá kí òun máa wo òkùnkùn, ló bá ń tẹ rìmóòtù títí àwòrán fi kún ojú ẹ̀rọ bámúbámú.

Ọ̀já dúdú yẹn kì í ṣe àléébù, kì í sì í ṣe ìrẹ́jẹ. Ìjà tó wà láàárín sinimá àti tẹlifíṣọ̀n ló bí i, kò sì ní í ṣòro fún ẹni tó bá mọ bí ìjà náà ṣe parí láti mọ bọ́tìnì tó yẹ ní títẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1892, ní ilé ìwádìí Thomas Edison ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, W. K. L. Dickson ń wá ọ̀nà tí àwòrán yóò fi máa rìn. Fíìmù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 35 ló lò, ó sì lu ihò mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan kí eyín ẹ̀rọ lè máa fà á lọ. Àyè tí ihò mẹ́rin yẹn gbà ló di òòró àwòrán. Èyí tó ṣẹ́ kù láàárín ihò ọ̀tún àti ihò òsì ló di ìbú rẹ̀. Bí ìbú bá jẹ́ mẹ́rin, òòró á jẹ́ mẹ́ta. Bí ìwọ̀n 4:3 ṣe dáyé nìyẹn.

Ìwọ̀n yìí ni sinimá ń bá bọ̀ fún bí ọgọ́ta ọdún. Nígbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, tí ohùn sì gba àyè díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Hollywood tún ìwọ̀n náà ṣe ní ọdún 1932, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó ohun tí ojú ń rí. Tẹlifíṣọ̀n ní tirẹ̀ kò wá ìwọ̀n kankan kiri, ti sinimá ló jogún. BBC pàápàá tó fi 5:4 bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1936 yí sí 4:3 ní 1950. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, 4:3 náà ni. Òun náà ni ìwọ̀n kásẹ́ẹ̀tì VHS tí fíìmù Yorùbá fi wọ ilé gbogbo èèyàn.

Láàárín ìgbà yìí ni ìjà bẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ará Amẹ́ríkà jókòó sílé ti tẹlifíṣọ̀n, ilé sinimá sì ń ṣófo. Àwọn onísinimá ní àwọn gbọ́dọ̀ gbé ohun tí tẹlifíṣọ̀n kò lè gbé. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1952, wọ́n ṣí Cinerama ní New York: ẹ̀rọ mẹ́ta ló ń tan àwòrán kan ṣoṣo sójú aṣọ ńlá tó tẹ̀ kọrọdọ. Lọ́dún kejì rẹ̀ ni The Robe jáde pẹ̀lú CinemaScope. Lẹ́ńsì tí Henri Chrétien, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti ṣe láti àwọn ọdún 1920 ni wọ́n lò. Lẹ́ńsì yìí á fún àwòrán pọ̀ mọ́ra kó lè wọnú fíìmù mílímítà 35, òmíràn á tú u ká nílé sinimá, ìbú rẹ̀ á wá ju ìlọ́po méjì òòró lọ. Àwọn yòókù kò gbẹ́yìn. Amẹ́ríkà mú 1.85, ìyẹn ni pé ìbú jẹ́ ìlọ́po 1.85 òòró, ọ̀pọ̀ ní Yúróòpù mú 1.66. Ìrísí wá di oríṣiríṣi.

Nígbà tó yá, àwọn fíìmù fífẹ̀ yìí náà dé orí tẹlifíṣọ̀n, àyè kò sì gbà wọ́n. Àwọn kan gé ẹ̀gbẹ́ wọn dànù, bí èèyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀, ẹnì kan nìkan là ń rí. Àwọn mìíràn fi odindi àwòrán sílẹ̀, wọ́n fi dúdú dí òkè àti ìsàlẹ̀.

Japan ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú. Lẹ́yìn ìdíje Òlíḿpíìkì Tokyo ní ọdún 1964, NHK, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ náà, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí tẹlifíṣọ̀n tó mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì kọ́kọ́ mú 5:3. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Kerns Powers, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà, gbé àbá mìíràn dìde. Ó gé onígun mẹ́rin kan fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tó wà lóde, láti 1.33, ìyẹn 4:3, dé 2.35. Àyè tí ọ̀kan gbà ni èkejì gbà, ìrísí wọn nìkan ló yàtọ̀. Ó tò wọ́n léra wọn lórí, àárín sí àárín, ó sì rí i pé onígun mẹ́rin ńlá kan lè gba gbogbo wọn sínú, àti pé kékeré kan wà láàárín tí gbogbo wọn bò. Ìrísí kan náà ni ńlá àti kékeré yìí ní: ìbú 16, òòró 9. Japan náà gbà, nígbà tó sì di 1990, àjọ ITU fi 16:9 sínú ìlànà tẹlifíṣọ̀n tó mọ́ kedere fún gbogbo ayé.

Àdéhùn ni 16:9 tí tẹlifíṣọ̀n òde òní ń lò, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sì ti mọ̀ pé dúdú yóò wà. Bí ẹ bá fi àwòrán 4:3 sórí rẹ̀, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló máa gbà ní ìbú. Bí ẹ bá fi fíìmù 2.35 sí i, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin náà ló máa gbà ní òòró. Àtijọ́ àti ti sinimá jọ pín in lọ́gbọọgba ni.

Ẹni tó bá wá ní dandan òun ò fẹ́ dúdú, owó ibòmíràn ni yóò san. Bí ó bá fẹ àwòrán àtijọ́, olúkúlùkù á fẹ̀ sí i ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí ó bá tẹ Zoom, ìdá kan nínú mẹ́rin àwòrán lọ: orí gèlè lọ lókè, ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ náà lọ. Àwọn ẹ̀rọ kan ní ètò tó ń fi àárín sílẹ̀ tó ń fa ẹ̀gbẹ́ nìkan, bọ́ọ̀lù á rí róbótó láàárín pápá, á di ẹyin bó bá dé etí ìlà. Ibi kan tí Zoom ti wúlò ni ìgbà tí dúdú bá yí àwòrán ká lọ́tùn-ún, lósì, lókè àti nísàlẹ̀, nítorí pé fíìmù fífẹ̀ ni wọ́n ti kó sínú 4:3 tẹ́lẹ̀.

Ẹ tún wo dẹ̀kódà yín. Bí òun bá ti fẹ àwòrán kó tó dé tẹlifíṣọ̀n, kò sí ohun tí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n lè tún ṣe. Ẹ fi í sí 16:9, kí ẹ sì rí i pé kì í fẹ eré àtijọ́. Bí iye góòlù tó wà ní igun bá gé díẹ̀, ẹ wá Just Scan tàbí Screen Fit. Àṣà gígé etí àwòrán tó ti ayé tẹlifíṣọ̀n onígò wá ni ẹ̀rọ yín ṣì ń tẹ̀ lé.

Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ wá ohun róbótó nínú àwòrán: aago ara ògiri, táyà ọkọ̀, bọ́ọ̀lù. Bí ó bá ṣe róbótó, tí kò sí ohun tó gé, ibi tó yẹ lẹ wà. Ẹ gbé rìmóòtù sílẹ̀, kí ẹ fi ọ̀já dúdú sílẹ̀ jẹ́ẹ́.