Òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà: èwo ni ẹ óò yàn?



Ẹ ti wu iṣu tán lóko. Ọkọ̀ ti dé láti Ṣábẹ̀ẹ́, ó fẹ́ gbé e lọ sí Kùtọnù. Wọ́n di iṣu kún inú ọkọ̀, wọ́n tún dì í sí orí rẹ̀. Àwọn èrò wọlé, wọ́n jókòó. Kí awakọ̀ tó gbéra, ó fi ẹsẹ̀ ta táyà kọ̀ọ̀kan. Ó ní: «Ó le dáadáa.»

Ṣé òótọ́ ni? Ẹsẹ̀ kò lè mọ̀ ọ́n. Lóòótọ́, ojú lalákàn fi ń ṣọ́ orí, ṣùgbọ́n ojú nìkan kò tó láti mọ afẹ́fẹ́ inú táyà. Òṣùwọ̀n ni a fi ń mọ̀ ọ́n.

Kí ni afẹ́fẹ́ ń ṣe nínú táyà?

Afẹ́fẹ́ inú táyà ni ó ń gbé ẹrù, kì í ṣe rọ́bà nìkan. Bí afẹ́fẹ́ bá dín, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa tẹ̀, á tún máa nà, bí ó ti ń yí. Ẹ mú wáyà kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn kíákíá, lẹ́yìn náà kí ẹ fọwọ́ kan ibi tí ẹ tẹ̀. Ó ti gbóná. Bẹ́ẹ̀ náà ni táyà ń gbóná. Bí ẹrù bá wúwo, tí ọkọ̀ ń sáré, tí oòrùn sì mú, ooru náà á ba inú táyà jẹ́, táyà á bẹ́. Ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ bẹ́ lórí eré lè yí dànù. Ẹrù lè ṣòfò, ẹ̀mí náà lè ṣòfò.

Àpọ̀jù afẹ́fẹ́ kò dára bákan náà. Àárín táyà nìkan ni yóò máa kan ilẹ̀. Á tètè jẹ, kò sì ní di ilẹ̀ mú dáadáa nígbà òjò.

Ẹ rántí pé táyà tí kò lu pàápàá ń pàdánù afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Olè tí kì í pariwo ni. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Mélòó ni ó yẹ kí ó jẹ́?

Báà ni a fi ń ka afẹ́fẹ́ táyà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é ní kílò. Bí òṣùwọ̀n yín bá ń ka PSI, ẹ mọ̀ pé PSI 29 jẹ́ báà 2.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo etí rẹ̀, tàbí ẹ wo ẹ̀yìn ìdérí ibi tí a ń bu epo sí. Wọ́n lẹ ìwé kékeré kan mọ́ ọn. Nọ́ńbà méjì lè wà níbẹ̀: ọ̀kan fún ìgbà tí ọkọ̀ kò ní ẹrù púpọ̀, ìkejì fún ìgbà tí ẹrù kún un. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ara táyà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn ni òpin tí a kò gbọdọ̀ kọjá. Kì í ṣe òun ni a ó tẹ̀ lé.

Oríṣi òṣùwọ̀n mẹ́ta

1. Èyí tí ó rí bí bíìkì. Kò wọ́n, ó sì ń wọ àpò. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ara rẹ̀ kéré, ó ṣòro láti kà.

2. Èyí tí ó lójú bí aago. Ọwọ́ rẹ̀ ń tọ́ka sí nọ́ńbà, ó rọrùn láti kà. Ẹ yan èyí tí nọ́ńbà táyà yín bọ́ sí àárín ojú rẹ̀. Èyí tí ó dúró ní 4 dára fún ọkọ̀ kékeré. Kò wúlò fún ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, nítorí táyà tirẹ̀ lè gba báà 8. Ẹ má jẹ́ kí ó já bọ́, kí ó má baà máa purọ́.

3. Èyí tí ń sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. A ń de ohun kékeré kan mọ́ ẹnu táyà kọ̀ọ̀kan, níbi tí ìdérí rẹ̀ ti máa ń wà. Ó ń ránṣẹ́ sí ojú kékeré kan tí ó wà níwájú awakọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá dín, á ké. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ń fi ọkọ̀ ṣe ilé gbígbé, tí wọ́n ń rìn káàkiri nínú rẹ̀, ń lò ó. Ó wúlò fún ọkọ̀ gígùn, nítorí awakọ̀ lè má mọ̀ pé táyà ẹ̀yìn ti rọ̀.

Kí ẹ tó ra ẹ̀kẹta yìí, ẹ béèrè: Táyà mélòó ni ó lè ṣọ́? Báà mélòó ni ó lè kà? Ṣé ohùn rẹ̀ ń dé láti táyà ẹ̀yìn pátápátá? Ṣé a lè pààrọ̀ bátìrì rẹ̀? Ṣé olè kò ní tú u lọ?

Fún alùpùpù àti ọkọ̀ kékeré, ẹ̀kejì tó.

Iná pupa rẹ́súrẹ́sú tí ó wà níwájú awakọ̀

Ní Amẹ́ríkà, oríṣi táyà kan ń já lójú ọ̀nà, ó sì pa ju 200 ènìyàn lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe òfin ní ọdún 2000. Láti 2007, gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní iná tí ń kìlọ̀ nípa táyà. Yúróòpù ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní 2014. Púpọ̀ nínú irú ọkọ̀ wọ̀nyí ń gba èbúté Kùtọnù wọlé lẹ́yìn tí wọ́n ti lò ó. Iná náà rí bí ìkòkò tí ó lanu sókè, àmì ! sì wà láàárín rẹ̀. Bí ó bá tàn, ẹ dúró, ẹ wọn táyà. Bí ó bá ń ṣẹ́jú fún bí ìṣẹ́jú kan nígbà tí ẹ ṣáná sí ọkọ̀, ohun èlò náà ni ó bàjẹ́. Bóyá bátìrì inú táyà ni ó ti kú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ìwé ara ilẹ̀kùn ní: 2,4. Òfin Amẹ́ríkà ní kí iná tàn bí ìdá kan nínú mẹ́rin bá ti lọ. Ìdá kan nínú mẹ́rin 2,4 ni 0,6. Ó ku 1,8. Ẹ rí i pé olè ti kó púpọ̀ lọ kí iná tó tàn! Nítorí náà, ẹni tí ó ní iná ṣì nílò òṣùwọ̀n.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n

1. Ẹ wọ̀n ọ́n ní òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn. Bí táyà bá gbóná, nọ́ńbà á lọ sókè. Ẹ má ṣe tú afẹ́fẹ́ táyà gbígbóná dànù.
2. Ẹ ṣí ìdérí. Ẹ tẹ òṣùwọ̀n mọ́ ẹnu táyà kí ó dúró ṣánṣán. Bí ó bá ń dún «ṣíìì», kò tíì jókòó dáadáa.
3. Ẹ ka nọ́ńbà, ẹ fi wé ti ìwé. Bí ó bá dín, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ tún un wọ̀n.
4. Ẹ dá ìdérí padà, kí iyẹ̀pẹ̀ má baà wọ̀ ọ́.
5. Ẹ má gbàgbé táyà tí ẹ fi pamọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ni ẹrù, ọ̀rọ̀ yín náà ni. Kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀: «Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti wọn táyà láàárọ̀ yìí?» Èyí kì í ṣe àrífín. Ẹ̀mí yín àti ẹ̀mí tirẹ̀ ni ẹ ń béèrè.

Ẹ dáhùn

Kí ló dé tí a fi ń wọn táyà ní òwúrọ̀? Bí ìwé bá ní 2,4, tí òṣùwọ̀n sì ka 2,1, mélòó ni ó dín? Òṣùwọ̀n wo ni ó yẹ ọkọ̀ tí ń kó ẹrù yín?