Ṣé o mọ̀? Ohun tí a fi tẹ́ inú agolo tòmátò
Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, EFSA, àjọ tí ń bójú tó ààbò oúnjẹ ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù, sọ ìwọ̀n bisphenol A tí ènìyàn lè jẹ lójoojúmọ́ láìséwu di ìdá kan nínú 20,000 ohun tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Kẹ́míkà yìí, tí a ń gé kúrú sí BPA, ni a fi ń ṣe ike líle àti ọ̀dà tí a ń fi tẹ́ inú agolo oúnjẹ kí irin má baà dógùn-ún, bí ó bá sì wọnú ara, a máa ṣe bí họ́mọ̀nù obìnrin. BfR, àjọ tí ń ṣe àyẹ̀wò ewu ní Jámánì, kò gbà: sẹ́ẹ̀lì àjẹsára eku ni EFSA gbé ìdájọ́ lé, BfR sì wo bí sẹ́ẹ̀lì inú àtọ̀ eku ṣe dín kù, ó wá yan ìwọ̀n tí ó fi ìlọ́po 1,000 ju ti EFSA lọ. Òfin Yúróòpù tí ó ka BPA léèwọ̀ nínú ohun tí a fi ń di oúnjẹ, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2025, kò de agolo tòmátò orí àtẹ Rye Lane ní Peckham, London, nítorí Brexit, ìyẹn ìjáde Britain kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Àmọ́ igo ike tí ọmọ ọwọ́ fi ń mu wàrà ti bọ́ lọ́wọ́ BPA níbẹ̀ láti ọdún 2011. London náà sì ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Edward Charles Dodds àti Wilfrid Lawson ti rí ìwà họ́mọ̀nù BPA ní ọdún 1936, lára abo eku tí a ti yọ ilé ẹyin wọn.