Ẹ̀mí Mẹ́ta Péré! Ìyà Géèmù Àtijọ́ Tí Àwọn Ọmọ Ajégúnlẹ̀ Ń Ṣàárò

Bí ẹ bá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti lé lógójì ọdún ní Ajégúnlẹ̀, ẹ má wulẹ̀ dárúkọ òṣèlú, ẹ má sì dárúkọ bọ́ọ̀lù. Ẹ ṣáà bi wọ́n pé ta ló parí géèmù Contra láìlo ọgbọ́n tó ń fúnni ní ọgbọ̀n ẹ̀mí. Háà! Ariwo tó máa sọ níbẹ̀, ará Àpápá á gbọ́ ọ. Kálukú ló parí ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹnì kejì ń parí ẹ̀.

Ẹni tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ á rò pé nǹkan ayọ̀ ni wọ́n ń sọ. Rárá o! Ìyà ni wọ́n jẹ, ìyà ọ̀hún náà ni wọ́n ń ṣàárò.

Ọdún 1983 ni ilé-iṣẹ́ Nintendo gbé ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n ń pè ní Family Computer jáde ní Jàpáànù, ó sì dé Amẹ́ríkà lọ́dún 1985. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1986, ni ìjọba Bàbáńgídá gbé ètò SAP dé, tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Ta ló fẹ́ fi owó oúnjẹ ra ojúlówó Nintendo fún ọmọ? Àdàmọ̀dì tí wọ́n ṣe ní Taiwan àti Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó fojú rí. Wọ́n á kọ ọ́ sára kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pé géèmù 9,999,999 ló wà nínú ẹ̀. Irọ́ gbuu! Bí ẹ bá ti ka díẹ̀ níbẹ̀, àwọn tẹ́ ẹ ti rí náà lẹ ó tún máa rí, orúkọ ni wọ́n kàn yí padà.

Ní Àpápá, lápá ibi táwọn olówó ń gbé, ọmọ lè ní tiẹ̀ nílé, kó tilẹ̀kùn mọ́rí, kó máa gbá a. Ní Ajégúnlẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè máa sin odidi àdúgbò: tẹlifíṣàn kékeré kan, páàdì méjì tí okùn wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já, bẹ́ǹṣì gbọọrọ kan, àti onílé géèmù tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń gbowó. Ẹni tó bá kú, ó kú nìyẹn. Kó gbé páàdì fún ẹlòmíì, àbí kó tún sanwó.

Ikú náà kì í sì í pẹ́ dé. Nínú Contra tó wọ inú ilé lọ́dún 1988, ọta ìbọn kan péré ti tó láti pa èèyàn, ẹ̀mí mẹ́ta ni wọ́n sì fún un. Super Mario Bros. ti ọdún 1985 ní sítéèjì 32, kò sì síbi téèyàn lè fi ìrìn àjò ẹ̀ pamọ́ sí di ọ̀la. Bó bá ti pa á, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ló ń lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ìkà ni Ghosts 'n Goblins ti ilé-iṣẹ́ Capcom. Jagunjagun inú ẹ̀, bí òkú bá fara kàn án lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀wù irin ẹ̀ á fọ́ dànù, pátá nìkan ló máa kù nídìí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ lá máa sáré kiri láàárín itẹ́ òkú. Bó bá tún ṣèèṣì lẹ́ẹ̀kejì, ó deegun. Béèyàn bá wá jìyà títí, tó pa olórí àwọn ẹ̀mí èṣù, ńṣe ni géèmù á sọ fún un pé ẹ̀tàn ni gbogbo ẹ̀, kó padà lọ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀! Àwọn ọdẹ inú ìwé Fágúnwà gan-an ò rí irú ẹ̀, torí àwọn yẹn ń padà wálé.

Síbẹ̀, ọ̀tá tó burú jù ò sí nínú kásẹ́ẹ̀tì rárá. NEPA ni. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ ti rìn títí dé ibi kẹjọ tó kẹ́yìn nínú Mario, òógùn ń bọ́, àwọn ará bẹ́ǹṣì ti dìde dúró, ni iná bá lọ, fíù! Ta ni wọ́n máa bá ṣẹjọ́? Nígbà tí iná bá padà dé, tí gbogbo àdúgbò ń pariwo "Up NEPA!", ojú ọ̀nà àkọ́kọ́ ni Mario dúró sí, bí ẹni tí kò lọ síbì kankan rí.

Kí wá ló dé táwọn tó ṣe é fi ya ìkà tó bẹ́ẹ̀? Owó ni o. Àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Jàpáànù àti Amẹ́ríkà, irú Space Invaders ti ọdún 1978, làwọn géèmù wọ̀nyí ti kọ́ṣẹ́. Owó ẹyọ lèèyàn ń sọ sínú wọn. Bí oníbàárà bá tètè kú, á tètè sọ òmíràn sí i. Nígbà tí géèmù kúrò ní ṣọ́ọ̀bù tó wọlé, wọn ò bọ́ ìwà yẹn sílẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, inú kásẹ́ẹ̀tì ò láyè. Gbogbo Super Mario Bros., tòun torin, tòun tàwòrán, kò ju kílóbáìtì 40 lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo nínú fóònù òde òní jù ú lọ fíìfíì. Ẹni tí ọbẹ̀ ẹ̀ ò pọ̀, tí kò fẹ́ kí wọ́n tètè lá a tán, ata ló máa dà sí i. Nígbà tí The Lion King sì jáde lọ́dún 1994, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe é ti là á mọ́lẹ̀ lẹ́yìn náà pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú sítéèjì kejì le ni, káwọn tó ń háyà kásẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà má baà parí ẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà.

Ẹ ò wá rí i pé onílé géèmù Ajégúnlẹ̀, láìmọ̀, dá nǹkan padà síbi tó ti ṣẹ̀ wá: kú, sanwó, tún kú.

Ti ọgbọ̀n ẹ̀mí yẹn ńkọ́? Kazuhisa Hashimoto, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Konami tó kú lọ́dún 2020, ló dá a sílẹ̀. Lọ́dún 1986, nígbà tó ń ṣe géèmù Gradius fún ẹ̀rọ inú ilé, ó ní láti gbá a kó lè mọ̀ bóyá ó dáa, ó sì le ju agbára ẹ̀ lọ! Ló bá fi ọ̀nà ẹ̀bùrú síbẹ̀ fún ara ẹ̀. Òkè, òkè, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, B, A. Wọ́n wá fi í sínú Contra. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà, ẹnu dẹ́nu ló ń gbà. Ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n á kọ́kọ́ fara bo páàdì kó tó tẹ̀ ẹ́.

Àwọn àgbà kan máa ń sọ pé géèmù ìsinsìnyí ti rọ̀ jù, pé ìdí nìyẹn táwọn ọmọ òde òní ò fi nífaradà. Ọ̀rọ̀ yẹn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Elden Ring tí Hidetaka Miyazaki àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe lọ́dún 2022 le bí ojú ẹja, síbẹ̀ mílíọ̀nù 20 ni wọ́n tà kó tó pé ọdún kan. Ní December 2023, ọmọ ọdún 13 kan ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, l'Amẹ́ríkà, gbá Tetris ti ọdún 1989 títí géèmù fi gan pa. Ọmọ aráyé kankan ò ṣe é rí ṣáájú ẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ọ̀gá nínú àwọn tó ń gbá Super Mario Bros. ń gba ọ̀nà àbùjá parí ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Contra kì í gba ẹni tó mọ̀ ọ́n ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí ló wá jẹ odidi ọdún kan mọ́ ọmọ Ajégúnlẹ̀ lọ́wọ́? Bẹ́ǹṣì yẹn ni. Ẹnì kan mú páàdì, ẹnu mẹ́wàá ń pàṣẹ: fò! tẹ̀ ẹ́! ó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ! Gbogbo wọn ló ń kú ikú ẹnì kan. Òun gan-an ni àárò ẹ̀ ń sọ wọ́n. Owó oúnjẹ ilé ìwé tó bá a lọ àti ẹgba tí bàbá fi gbowó náà padà lára ọmọ nírọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó ń ṣàárò ìyẹn.

Lónìí, gbogbo àwọn géèmù wọ̀nyẹn ti wọ inú fóònù. Orúkọ NEPA ti kúrò láti ọdún 2005, bó tiẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọdé ò gbà. "Up NEPA" náà ni wọ́n ṣì ń ké. Ẹni tó bá fẹ́ lè fi Contra pamọ́ ní gbogbo ìṣísẹ̀ kan, kí ọta tó bà á, kó padà sẹ́yìn. Á parí ẹ̀ kí ẹ̀bà tó tutù. Á wá gbé fóònù sílẹ̀, á máa wò yàn-ìn.

Ẹyọ kan ló kọ̀ jálẹ̀, ìyẹn Duck Hunt ti ọdún 1984, tí wọ́n ń fi ìbọn oníke yin pẹ́pẹ́yẹ. Ìbọn náà ń wo bí iná ṣe ń ṣẹ́jú lójú tẹlifíṣàn oníkùn ńlá àtijọ́ ni. Tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ òde òní máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé àwòrán jáde, ìbọn ò sì ní í rí nǹkan kan. Ẹni tó bá so ó mọ́ ọn, bó yin ín nígbà ọgọ́rùn-ún, kò ní í ba pẹ́pẹ́yẹ kan. Ajá tó máa ń fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́ nínú koríko yẹn, tí gbogbo ọmọ Ajégúnlẹ̀ ti gbìyànjú láti yìnbọn fún tí kò kú, á sì tún yọrí, á kó ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, á máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín.