Kí A Tó Fi Fẹ́ǹsì Yí Ilẹ̀ Wa Ká Nílé

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa ní Peckham àti agbègbè rẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ló ń fowó ránṣẹ́ sílé láti ra ilẹ̀. Bí a bá ti san owó ilẹ̀ tán, owó fẹ́ǹsì ló máa ń tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ fẹ́ǹsì yìí la fẹ́ bá yín sọ.

Láyé àtijọ́, pèrègún ni àwọn bàbá wa fi ń pààlà oko. Wọ́n á gé ọ̀pá rẹ̀, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀, á ta gbòǹgbò, á sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà ní tiwọn máa ń la igi sí ọ̀pá gbọọrọ, wọ́n á tò ó léra kọ́lọkọ̀lọ bí ejò tó ń wọ́, láìlo ìṣó, láìgbẹ́ ihò. Ohun tó pọ̀ nítòsí ni kálukú lò.

Ṣùgbọ́n pèrègún nìkan kọ́ ló ń ṣọ́ ilẹ̀ nílé wa. Àgbà ẹbí àti àwọn tí oko wọn pààlà mọ ibi tí wọ́n gbìn ín sí, wọ́n sì lè jẹ́rìí.

Lónìí, búlọ́ọ̀kù la ń lò. Ó wọ́n, kò sì lè jẹ́rìí. Ẹ wo Peckham Rye tiwa níbí. Kò sí ògiri gíga tó yí pápá náà ká, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè déédéé lọ kọ́lé sórí rẹ̀. Ní 1868, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso Camberwell nígbà náà rà á kí àwọn akọ́lé má baà gbà á. Ìwé àti òfin ni ògiri rẹ̀.

Nítorí náà, kí a tó ra búlọ́ọ̀kù kan:

1. Ẹ jẹ́ kí awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ wọn ilẹ̀ náà, kó ri òpó ààlà, kó sì wádìí bóyá ìjọba ti gbà á.

2. Ẹ gba agbẹjọ́rò tiyín, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á.

3. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, kí olórí ẹbí àti àwọn àgbààgbà ìdílé jọ fọwọ́ sí ìwé.

4. Bí ilẹ̀ bá ti ní C of O, Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ní kí gómìnà fọwọ́ sí títà rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mọ fẹ́ǹsì yín. Bí owó kò bá tíì tó, ẹ gbin pèrègún sí ẹ̀gbẹ́ òpó ààlà, níṣojú àwọn aládùúgbò. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká ṣe làálàá lásán o.