Ọ̀rọ̀-Ìperí tí Kò Ní Ìtumọ̀: Ohun-Èlò Ọgbọ́n Àtọwọ́dá nínú Iṣẹ́ Ìwádìí

Nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀-ìperí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ohun kan pàtó ni ó gbọ́dọ̀ máa tọ́ka sí, ẹni tí ó bá sì lò ó gbọ́dọ̀ lè fi ohun náà hàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìperí kan ti jẹ yọ nínú àpilẹ̀kọ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí kò sí ohunkóhun tí ó ń tọ́ka sí. Ọ̀rọ̀ náà ni "vegetative electron microscopy". Apá kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ní ìtumọ̀ tirẹ̀. "Vegetative" ni wọ́n ń pe bakitéríà nígbà tí ó bá wà ní ipò ìdàgbà àti ìbísí. "Electron microscopy" sì ni fífi maikirosíkóòpù tí ó ń lo elẹ́kítírọ́ọ̀nù dípò ìmọ́lẹ̀ wo ohun tí ojú lásán kò lè rí. Bí a bá wá so apá méjèèjì pọ̀, òfìfo ni. Kò sí maikirosíkóòpù tí ń dàgbà, kò sì sí èyí tí ń bí sí i. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn olùwádìí kan ní Ọsirélíà ṣe ìtọpinpin ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 2025, àpilẹ̀kọ tí wọ́n ti rí i lórí Google Scholar jẹ́ 22.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ ni ó yẹ kí àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀-ìperí Yorùbá fara balẹ̀ wò. Ní àwọn ọdún 1950, ìwé àtìgbàdégbà tí ń jẹ́ Bacteriological Reviews pín ojú-ìwé rẹ̀ sí òpó méjì. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ ka irú ojú-ìwé bẹ́ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ kò rí ààlà tí ó wà láàárín òpó méjèèjì. Ó mú "vegetative" láti inú òpó kan, ó sì so "electron microscopy" tí ó wà nínú òpó kejì mọ́ ọn, bí ẹni pé ìlà kan náà ni wọ́n.

Ọ̀nà mìíràn ni ìṣẹ̀lẹ̀ kejì gbà wá. Ní èdè Pásíà tí wọ́n ń sọ ní Ìráànì, ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún gbígbá, bí ẹni ń fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀, ni wọ́n fi ń pe irú maikirosíkóòpù kan tí ń fi elẹ́kítírọ́ọ̀nù gbá ojú ohun tí a ń wò láti òpin dé òpin. Ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún híhù, bí ewéko ti ń hù, sì jọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé àmì kékeré kan ṣoṣo, tí kò tóbi ju èyí tí ó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ lọ, ni ó ya wọ́n sọ́tọ̀ nínú ìkọsílẹ̀. Ní ọdún 2017 àti 2019, ọ̀rọ̀ òfìfo yìí jáde nínú àpilẹ̀kọ àwọn ará Ìráànì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó sì jọ pé ìtumọ̀ láti èdè kan sí èkejì ni ó bí i.

Bí ọ̀ràn náà bá mọ bẹ́ẹ̀ ni, ènìyàn kan ì bá tún un ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn ohun-èlò ọgbọ́n àtọwọ́dá ti ka àwọn ojú-ìwé wọ̀nyí mọ́ àìmọye ojú-ìwé mìíràn. Àwọn olùwádìí Ọsirélíà náà fún oríṣiríṣi ohun-èlò ní ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan kí wọ́n parí rẹ̀. Àwọn ti àtijọ́ kò fi ọ̀rọ̀ náà parí rẹ̀. GPT-3 àti àwọn kan tí ó tẹ̀lé e fi í parí rẹ̀. Àṣìṣe òǹkàwé kan ti di ìmọ̀ ẹlòmíràn.

Bí ohun-èlò wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti ṣàlàyé. A fún kọ̀ǹpútà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ àkọsílẹ̀, a sì kọ́ ọ láti máa díwọ̀n ègé ọ̀rọ̀ tí ó ṣeé ṣe jù lọ kí ó tẹ̀lé èyí tí ó ṣáájú. Irú rẹ̀ ni ChatGPT tí ilé-iṣẹ́ OpenAI gbé jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022. Ní ọdún 2021, Emily Bender, Timnit Gebru àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wé odídẹrẹ́. Àfiwé náà dára, bí ó tilẹ̀ ṣe àbùkù díẹ̀ fún odídẹrẹ́: ohun tí ayékòótọ́ bá gbọ́ nínú ilé ni ó ń wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí lè to ègé ọ̀rọ̀ jọ di ohun tí ẹnikẹ́ni kò wí rí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022 kan náà, ilé-iṣẹ́ Meta ṣí Galactica sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ohun-èlò tí wọ́n fi àpilẹ̀kọ sáyẹ́ǹsì kọ́. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ó lò kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, nítorí pé ó ń kọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú.

Kí ni ó yẹ kí a máa pe irú ohun bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá? Ọ̀rọ̀ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń lò túmọ̀ sí kí ènìyàn máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Bí a bá pè é ní "rírí ìran", a ti sọ ẹ̀rọ di aríran, oyè ńlá sì ni ìyẹn láwùjọ Yorùbá. "Irọ́" náà kò bá a mu, nítorí pé òpùrọ́ mọ òótọ́ kí ó tó pa á mọ́. "Àròsọ" súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò ni ó ń rò sọ. "Ayédèrú" ni ó tọ́ jù, nítorí pé ohun tí a rí ni ó ń ṣàpèjúwe, kò sì sọ ohunkóhun nípa inú ẹni tí ó ṣe é. Gbogbo ènìyàn ni ó ti mọ ayédèrú owó àti ayédèrú ìwé ẹ̀rí; ayédèrú ìtọ́kasí àti ayédèrú ọ̀rọ̀-ìperí kò ní ṣàjèjì sí wọn.

"Ọgbọ́n àtọwọ́dá" fúnra rẹ̀ kò ṣàìní àléébù. Orúkọ tí John McCarthy àti àwọn mẹ́ta mìíràn fi sínú ìwé àbá wọn ní ọdún 1955, fún ìpàdé tí ó wáyé ní Dartmouth ní ọdún 1956, ni ó ń túmọ̀. Ohun tí wọ́n ń retí ni orúkọ náà sì ń sọ. Ẹ fi í wé "asọ̀rọ̀mágbèsì". Àwọn tí ó sọ rédíò ní orúkọ yẹn wo ohun tí ó ń ṣe, wọ́n sì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti ń lo "ọgbọ́n àtọwọ́dá" káàkiri, kò sì sí èrè nínú bíbá wọn jà.

Èdè Yorùbá ni ewu náà pọ̀ fún jù. Láàárín àìmọye ojú-ìwé èdè Gẹ̀ẹ́sì, àpilẹ̀kọ 22 kò tó nǹkan; bí ọ̀rọ̀-ìperí Yorùbá kan bá jáde nínú àpilẹ̀kọ 22, ó lè má sí èyí tí yóò bá a dù ú mọ́. Ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ Yorùbá tún mú kí ayédèrú rọrùn láti ṣe. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "ì-" tàbí "à-" síwájú àpólà-ìṣe yóò rí ohun tí ó dún bí ojúlówó. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bèèrè ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ń pe ìgbésẹ̀ fonọ́lọ́jì kan, ẹ̀rọ lè fún un ní "àrànmọ́" tàbí "ìpàrójẹ", tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó sì tún lè hun òmíràn fún un tí yóò dùn létí bákan náà. Etí nìkan kò lè yà wọ́n. Ìwé ni yóò yà wọ́n: Èdè-Ìperí Yorùbá, apá kìíní tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 àti apá kejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1990.

Ọ̀ràn àmì tún wà níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ka "ìró" àti "irọ́" láìsí àmì, "iro" kan náà ni. Kò sì sí onímọ̀ fónẹ́tíìkì tí yóò fẹ́ kí a fi èkejì túmọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ibi tí àmì bá pé pàápàá, "ẹ́" kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà: lẹ́tà ní tirẹ̀, àmì ohùn ní tirẹ̀, àwọn mìíràn sì ń ya àmì ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ kan tí ojú rí bí ọ̀kan, ẹ̀rọ lè rí i bí méjì, kí ó sì sọ pé òun kò rí èyí tí a ń wá.

Kì í ṣe pé ohun-èlò wọ̀nyí kò wúlò. AlphaFold, tí ó mú kí Demis Hassabis àti John Jumper wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́místrì ní ọdún 2024, ń díwọ̀n bí purotéènì ṣe ká. Ohun tí ó bá sì sọ, a lè fi àyẹ̀wò inú yàrá ìwádìí dán an wò. Ìdánwò yẹn ni kò sí nínú àpilẹ̀kọ tí ẹ̀rọ kọ tí ẹnì kan sì fọwọ́ sí láìkà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ìwé àtìgbàdégbà Nature sọ pé irú ohun-èlò bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ òǹkọ̀wé, nítorí pé a kò lè pè é kí ó wá jẹ́jọ́ ohun tí ó kọ, àti pé ẹni tí ó bá lò ó gbọ́dọ̀ sọ bí òun ṣe lò ó.

Fún iṣẹ́ ọ̀rọ̀-ìperí, ohun tí èyí ń bèèrè kò pọ̀. Kí olùwádìí ṣí ìwé tí ẹ̀rọ tọ́ka sí, kí ó sì rí ojú-ìwé náà fúnra rẹ̀. Bí kò bá sí ìwé, àbá ni ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìperí, orúkọ àbá ni kí ó sì máa jẹ́ títí àwọn onímọ̀ yóò fi jókòó lé e lórí. Kí ó kọ orúkọ ohun-èlò náà àti ọjọ́ tí ó bi í léèrè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí pé ìdáhùn tí ó fún un lónìí lè yàtọ̀ sí èyí tí yóò fún un lọ́la.