Àmì Ohùn gẹ́gẹ́ bí Òṣùwọ̀n fún Yíyan Irinṣẹ́ AI tí ń Ya Ojú Ètò Kọ̀ǹpútà

1. Ìfáárà
Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú bébà yìí ni bí ikọ̀ tí ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn tí ń ka Yorùbá ṣe lè yan irinṣẹ́ AI tí yóò máa bá wọn ya ojú ètò náà. Bí a bá ti fi gbólóhùn díẹ̀ ṣàlàyé ohun tí a fẹ́, irinṣẹ́ náà yóò gbé àwòrán kalẹ̀. Èrò wa ni pé ẹwà àwòrán àkọ́kọ́ yìí kò tó òṣùwọ̀n.

2. Oríṣi méjì
Irinṣẹ́ kan wà tí ó jẹ́ pé àwòrán lásán ni ó ń yà; ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ṣe é tún kọ. Òmíràn, bí Figma Make àti Stitch ti Google tí a kéde ní ọdún 2025, a máa gbé kóòdù jáde, a sì lè tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe. Oríṣi kejì yìí ni ó yẹ ikọ̀ wa.

3. Àmì ohùn
Nínú Unicode, ìyẹn ètò nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà àti àmì orí rẹ̀ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀; fọ́ǹtì ni ó ń so wọ́n pọ̀. Bí fọ́ǹtì kò bá lè ṣe é, àmì yóò yẹ̀ kúrò lórí lẹ́tà. Bí irinṣẹ́ bá sì fo àmì, bọ́tìnì "Pe ọkọ̀" yóò di "Pe ọkọ". Ẹni tí ń wá ohun tí yóò wọ̀ dé ọjà ni a wá ń rán sí ọkọ rẹ̀.

4. Ewu méjì mìíràn
Ní oṣù Keje ọdún 2024, Figma dá irinṣẹ́ AI rẹ̀ kan dúró, nítorí pé àwòrán tí ó yà fún ètò ojú ọjọ́ jọ ti Apple jù. Ní ìparí ọdún náà ni InVision, tí ọ̀pọ̀ ikọ̀ ti gbẹ́kẹ̀ lé, kógbá sílé. Nítorí náà, ó yẹ kí a bèèrè iṣẹ́ ta ni àwòrán náà jọ, àti bóyá a lè kó iṣẹ́ wa jáde.

5. Àgbálọgbábọ̀
Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a fún irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé kan náà láti inú iṣẹ́ wa, tí ẹ àti ọ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kà á lórí fóònù kí a tó sanwó. Àwọn àgbà ní ìwà ni ẹwà. Bí irinṣẹ́ ti rí náà nìyẹn.