Wárápá kò ní kí ọmọ pa eré ìdárayá tì

Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, Ekaterina Alexandrovskaya, ọmọbìnrin Rọ́ṣíà tó ń ṣojú Ọsirélíà, àti Harley Windsor gba ipò kìíní lágbàáyé láàárín àwọn ọ̀dọ́ nínú eré orí yìnyín ti eléré méjì. Ẹni ọdún 17 ni ọmọbìnrin náà nígbà yẹn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n dé Òlíḿpíìkì. Nínú eré yìí, ọkùnrin máa ń gbé obìnrin kọjá orí ara rẹ̀, bàtà onírin sì ń gbé òun náà sáré lọ lórí yìnyín. Ó tún máa ń jù ú sókè, kí obìnrin náà fi ẹsẹ̀ kan balẹ̀.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, wárápá gbé Ekaterina. Oṣù Kejì ló fi eré náà sílẹ̀. Ní oṣù Keje, ó kú ní Mọ́sìkò, ẹni 20 ọdún.

Kí ló wá kan òbí tó wà ní Bouaké nínú èyí? Kò sí pápá yìnyín níbẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìlú náà ni wọ́n ti bí Cheick Cissé, tó gba góòlù Òlíḿpíìkì àkọ́kọ́ fún Côte d'Ivoire nínú taekwondo lọ́dún 2016, àwọn ọmọ tó fẹ́ dà bíi tirẹ̀ kò sì kéré. Ọ̀pọ̀ ará Èjìgbò ló ní ẹbí ní orílẹ̀-èdè náà, àwọn ọmọ wọn náà sì ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí wárápá bá gbé ọ̀kan nínú wọn ṣánlẹ̀ lórí pápá, àwọn kan á sá, torí wọ́n gbà pé ìfófó ẹnu rẹ̀ ń ranni.

Kì í ranni rárá. Inú ọpọlọ ni àìsàn náà wà: iná kékeré tí ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́ ló ń ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ara fi ń gbọ̀n. Ó lè jẹ́ pé ọmọ kò tètè mí nígbà ìbí, ó lè jẹ́ ọgbẹ́ orí, ó sì lè jẹ́ ibà tó wọ ọpọlọ. Nígbà mìíràn, a kì í rí ìdí kankan. Gìrì tó máa ń gbé ọmọdé nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná kì í sábà jẹ́ wárápá, àmọ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn síbẹ̀.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 èèyàn ló ní wárápá, àti pé tí wọ́n bá rí ìtọ́jú tó yẹ, ó tó 70 nínú 100 tí kò ní gbé mọ́. Phenobarbital, ọ̀kan nínú àwọn oògùn rẹ̀, kò wọ́n. Lójú tèmi, ìtìjú tó ń mú kí wọ́n fi ọmọ pamọ́ ń ṣe ìpalára ju owó oògùn lọ.

Tó bá gbé e, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má fún un ní ìtọ̀ màlúù, ẹ má sì dì í mọ́lẹ̀. Ẹ fi aṣọ rọ̀ ọ́ lórí, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́, ẹ wo aago. Tó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má dá oògùn rẹ̀ dúró fúnra yín. Tó bá jẹ́ ọmọbìnrin tó ti ń bàlágà, tí wọ́n sì kọ valproate fún un (Dépakine ni wọ́n sábà ń pè é ní Bouaké), ẹ bi dókítà bóyá òmíràn wà, torí ó lè ba ọmọ inú oyún jẹ́.

Eré ńkọ́? Tí oògùn bá ti kápá rẹ̀, ó lè gbá bọ́ọ̀lù, ó lè sáré. Kí olùkọ́ rẹ̀ ṣáà mọ̀. Kò gbọdọ̀ dá wẹ̀ lódò láé, eré tí wọ́n ti ń gbé èèyàn sókè sì di ọ̀rọ̀ dókítà.

Ẹ tún máa wo ojú ọmọ náà, pàápàá èyí tí wọ́n ní kó fi eré tó fẹ́ràn sílẹ̀. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ní wárápá ju àwọn yòókù lọ. Tí kò bá jẹun mọ́, tí kò sùn, tàbí tó ń sọ pé ayé sú òun, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ sọ fún dókítà.